Ajẹ́ńtì tó kọ́kọ́ ṣí sókàwéè wò

Ọdún mẹ́ta gbáko ni ajẹ́ńtì mi àkọ́kọ́ fi gba owó ilé lọ́wọ́ àwọn ayálégbé mi mẹ́fà ní Bódìjà, Ìbàdàn. Ìdajì ló ń fi ránṣẹ́ sí mi l'Ékòó. "Ẹ̀gbọ́n, wọn ò tíì san o." Èmi náà á ní kò burú. Ọjọ́ tí mo yọjú láìsọ fún un, màmá tó wà ní fúláàtì ìsàlẹ̀ na rìsíìtì sí mi: wọ́n ti san tipẹ́. Ara mi bù máṣọ.

Obìnrin tó ń bá mi bójú tó ilé náà báyìí, ọjọ́ tó wá wo ilé, kò tètè dárúkọ owó. Ó ṣí ọmọrí sókàwéè wò, ó tẹ́tí sí ẹ̀rọ tó ń fa omi, ó bi màmá yẹn léèrè ohun tó ń yọ wọ́n lẹ́nu. Mo béèrè nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ ESVARBON, àjọ tó ń forúkọ àwọn onímọ̀ nípa ilé àti ilẹ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà (mi ò mọ̀ pé ó yẹ kí n béèrè ti àkọ́kọ́!), ó fún mi. Ìdá 10 nínú 100 owó ilé ni tirẹ̀, àkáǹtì mi sì ni ayálégbé ń san owó sí tààrà.

Àná ló fi fọ́tò tápù tuntun ránṣẹ́ lórí WhatsApp, pẹ̀lú rìsíìtì. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé omi ń jò.