Agbára Tí Ẹsẹ̀ Ráyè Lò

Òbí kan bá mi ní pápá ìṣeré níbí ní Àkúrẹ́, ó ní kí n jẹ́ kí ọmọ òun máa gbé irin lójoojúmọ́ kí eré rẹ̀ lè yá sí i. Ọ̀rọ̀ náà kọjá ohun tí à ń sọ lórí ìdúró, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́.

Bí eré bá ti dé ojú rẹ̀, ẹsẹ̀ ẹni tó ń sá 100 mítà kì í pẹ́ nílẹ̀ ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni iṣan nílò ju ìlọ́po méjì àkókò yẹn kí gbogbo agbára rẹ̀ tó jáde. Ènìyàn lè gbé irin tó wúwo gan-an, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti kúrò nílẹ̀ kí agbára náà tó dé. Ní ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ bíi mélòó kan, nígbà tí ara ṣì dà síwájú, ẹsẹ̀ ń pẹ́ nílẹ̀ díẹ̀ sí i; ibẹ̀ ni èrè irin wíwúwo ti ń hàn jù.

Èmi náà ti ṣe àṣìṣe yìí rí. Mo ní kí ọmọbìnrin kan máa lóṣòó ní ogún-ogún pẹ̀lú irin léjìká, láìsí ìsinmi tó péye. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹsẹ̀ mi ò dá mi lóhùn mọ́.” Mo rò pé ó ń ṣọ̀lẹ ni, ó sì ń dùn mí títí di òní pé mo rò bẹ́ẹ̀.

Ní báyìí, ẹ̀ẹ̀mejì péré lọ́sẹ̀ ni àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ń gbé irin, eré sísá ló sì ń ṣáájú nígbà tí ara ṣì yá: 30 mítà, ní ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí márùn-ún, kí wọ́n sinmi dáadáa láàárín. Lẹ́yìn náà ni ìlóṣòó, 3 sí 5 lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú ìsinmi ìṣẹ́jú 3 sí 5, kí wọ́n sì fi gbogbo ìyára ti irin náà sókè, bó ti wù kó wúwo tó. Fífò tí ẹsẹ̀ ti ń kan ilẹ̀ tó ń kúrò kíá tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni. Ọmọ tí kò tíì mọ ìlóṣòó lófìfo kò gbọdọ̀ gbé irin léjìká rárá.

Èyí tí n kì í fojú fò ni iṣan ẹ̀yìn itan, nítorí òun ló sábà máa ń já nígbà tí ẹsẹ̀ bá nà síwájú tó fẹ́ balẹ̀. Ọmọ á kúnlẹ̀, ẹnìkejì á di ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú, òun á sì máa rọra sọ ara rẹ̀ kalẹ̀ síwájú láìtẹ ìbàdí. Ìwádìí láàárín àwọn agbábọ́ọ̀lù ti fi hàn pé ó ń dín ìfarapa iṣan náà kù.

Àwọn kan a tún máa kó ọmọ lọ sórí àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè, tó lé ní 600. Ó dára fún èémí, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ń mú kí eré 100 mítà yá.

Nígbà tí a yí ètò ọmọbìnrin náà padà, mo kẹ̀yìn sí pápá lọ́jọ́ kan, mo kàn ń tẹ́tí sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Gbì-gbì ni mo ń gbọ́ tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, pá-pá-pá ni.