Kí ọmọ fúnra rẹ̀ mọ ibi tó ti ṣì í: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nínú iṣẹ́ olùkọ́ girama

Bí ẹ bá bi olùkọ́ girama pé kí ló ń lé nínú iṣẹ́ rẹ̀, ohun tó ń kọ́ àwọn ọmọ ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ: ìṣirò, ìtàn, kẹ́mísírì, èdè. Kò burú. Ìṣirò ni èmi ń kọ́, ó sì wù mí kí ọmọ mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ohun tó jẹ mí lọ́kàn jù lọ ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ lè mọ̀ pé òun ti ṣì í kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún un. Ọmọ tó bá ti rí èyí mú, kò sí ohun tí kò lè dá kọ́ lẹ́yìn tó bá kúrò lọ́dọ̀ wa. Èyí tí kò rí i mú, ẹnu ẹlòmíràn ni yóò máa wò kó tó mọ̀ bóyá ohun tó ṣe dára.

Ohun tó kọ́kọ́ ń dí wọn lọ́wọ́ ni pé wọn kì í mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun tí ojú wọn ti rí rí àti ohun tó wà lórí wọn. Ọmọ á ka ojú ìwé kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta, gbólóhùn kọ̀ọ̀kan á máa wọlé wẹ́rẹ́, á ní ó ti yé òun. Ẹ gba ìwé yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ní kó sọ ohun tó kà; ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ń dàrú mọ́ ọn lójú. Ní 2006, àwọn olùwádìí méjì, Roediger àti Karpicke, fi èyí hàn kedere pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Amẹ́ríkà. Àwọn kan ka àyọkà kan lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn yòókù kà á lẹ́ẹ̀kan, wọ́n pa á dé, wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rántí. Lẹ́yìn iṣẹ́jú 5, àwọn tó kà á lẹ́ẹ̀mejì ló ṣe dáadáa jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ yí padà: àwọn tó pa á dé ló rántí jù. Ìdí rèé tí kíkà ní alẹ́ tí ìdánwò ku ọ̀la fi ń tan ọmọ jẹ. Ó lè gbé e dé òwúrọ̀, kì í gbé e jìnnà.

Nítorí náà, ní iṣẹ́jú 5 àkọ́kọ́ nínú kíláàsì mi, ìwé kankan kì í ṣí. Ìbéèrè 4 ni mò ń kọ sí pátákó: 2 láti inú ẹ̀kọ́ tó kọjá, 1 láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, 1 láti nǹkan bí oṣù kan sẹ́yìn. Èyí tó jìnnà yẹn ló ṣe pàtàkì jù, torí ohun tí ọmọ bá tiraka kó tó rántí ló ń pẹ́ lórí rẹ̀. Oníkálùkù ló ń máàkì tirẹ̀ pẹ̀lú bírò aláwọ̀ mìíràn. Ẹ má ṣe gba máàkì rẹ̀ sílẹ̀ rárá! Ọjọ́ tí ẹ bá gbà á ni wíwo ìwé ẹnìkejì máa bẹ̀rẹ̀, irọ́ lẹ ó sì máa kà. Ibòmíràn tó ti ń bàjẹ́ ni kí ìbéèrè le jù. Bí ọ̀pọ̀ nínú kíláàsì ò bá lè rí 3 gbà nínú 4, ẹ rọ̀ ọ́. Ìwé òfìfo ò kọ́ ọmọ ní nǹkan kan.

Ẹ wo ìṣirò kan: 7 − 2(x − 3) = 5. Ọ̀pọ̀ á kọ 7 − 2x − 6 = 5, wọ́n á sì gbé x = −2 jáde. Àmì àyọkúrò tó wà níwájú 2 ni wọn ò gbé dé òpin àkámọ́: −2 lọ́nà −3, +6 ló ń fún wa. Ó rọrùn kí olùkọ́ fa ìlà pupa sí i, kó kọ ìdáhùn tó tọ́, kó sì kọjá. Ẹ má fà á. Ẹ ní kí ọmọ mú −2 rẹ̀ padà sínú ìlà àkọ́kọ́. −2 − 3 jẹ́ −5. 2 lọ́nà −5 jẹ́ −10. 7 − (−10) jẹ́ 17. 17 kì í ṣe 5. Ọmọ ti rí i fúnra rẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni bá a wí. Tó bá padà ṣe é, tó rí 4, tó fi 4 dán an wò tó sì bọ́ sí 5 gẹ́lẹ́, kò ní bi yín pé “ṣé mo gbà á?” mọ́. Mo ń fún àyẹ̀wò yìí ní máàkì: nínú máàkì 4, 1 jẹ́ tirẹ̀.

Àròkọ náà ní àyẹ̀wò tirẹ̀. Kí ọmọ kọ gbólóhùn kan sí etí ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan: kí ni èyí ń ṣe fún ìbéèrè tí wọ́n bi mí? Ìpínrọ̀ tí kò bá rí nǹkan kọ sí, kó yọ ọ́. Kó sì kà á sókè; etí máa ń gbọ́ ohun tí ojú fò dá.

Bírò pupa ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù lọ́wọ́ àwa olùkọ́. Tí a bá ti bá ọmọ tún gbogbo rẹ̀ ṣe, kí ló kù fún un láti wá? Àmì kékeré kan ni mò ń fi sí etí ìlà tí nǹkan ti yà, mi ò ní sọ ohun tó jẹ́. Ọmọ ní iṣẹ́jú 10 láti wá a, lẹ́yìn náà ni yóò kọ ọ́ sínú ìwé àṣìṣe rẹ̀, ní òpó mẹ́ta: ohun tí mo kọ, ibi tó ti yà, ohun tí màá máa ṣọ́ nígbà mìíràn. “Mi ò fara balẹ̀” kì í ṣe èsì tí mò ń gbà. Kò sọ nǹkan kan. “Mo gbàgbé pé àmì àyọkúrò ń yí gbogbo inú àkámọ́ padà” ni èsì, torí ó ṣeé ṣọ́ nínú iṣẹ́ ọ̀la. Ẹ má sì kọ máàkì sí i lọ́jọ́ tí ẹ ń dá a padà. Ọmọ tó bá rí 6 nínú 10, òǹkà yẹn ni yóò wò, á yọjú wo ti ẹni tó jókòó tì í, á pa ìwé dé. Ẹ lè ní ìwé 40 ti pọ̀ jù fún irú èyí. Òótọ́ ni. Iṣẹ́ kan péré lọ́sẹ̀ tó.

“Ṣé ó yé yín?” Ìbéèrè yìí ló yá lẹ́nu wa jù, òun ló sì ṣòfò jù, torí “bẹ́ẹ̀ ni” ni gbogbo wọn máa dáhùn. Ẹ béèrè pé kí ni ìlà tó kàn, kí ẹ sì dákẹ́. Mary Budd Rowe, tó ṣe ìwádìí lórí èyí ní àwọn ọdún 1970, rí i pé nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 1 ni olùkọ́ sáábà ń dúró kó tó tún sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n sún un dé 3, ìdáhùn àwọn ọmọ gùn sí i, àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá sí i. 3 máa ń gùn nígbà tí gbogbo ojú bá ń wo yín. Ẹ kà á sínú.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àṣìṣe ọmọ rẹ́rìn-ín, kódà lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ tí wọ́n bá fi ṣẹ̀sín, bí wọ́n ṣe ń fi àṣìṣe pamọ́ ni yóò kọ́. Bí èmi alára bá ṣì í lórí pátákó, n kì í yára nù ún. Mo máa ń bi wọ́n pé ìlà wo ni.

Kí wọ́n tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n kọ 1, 2 tàbí 3 sí ẹ̀gbẹ́ ìdáhùn kọ̀ọ̀kan. 1: mo kàn méfò ni. 2: ó jọ bẹ́ẹ̀. 3: ó dá mi lójú. Nígbà tí ẹ bá ń wo iṣẹ́ náà, ọmọ tó kọ 1 tó sì kùnà ti mọ̀ pé òun kò mọ̀. Kó lọ kà á sí i. Èyí tó kọ 3 tó sì kùnà ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ jókòó tì.