Bí ẹ bá fẹ́ sọ píkọ́ọ̀pù yín di ẹlẹ́yìn pẹrẹsẹ

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá fẹ́ yọ agbọ̀n tí à ń kẹ́rù sí lẹ́yìn píkọ́ọ̀pù, kí wọ́n fi pẹrẹsẹ tí kò ní ògiri rọ́pò rẹ̀, ohun tí wọ́n máa tẹ́ sókè ni wọ́n kọ́kọ́ ń rò. Wọ́n á bi mí pé ṣé irin ni kí àwọn lò àbí pákó, kó gùn tó báwo. Èmi a ní kí wọ́n kọ́kọ́ wọ abẹ́ ọkọ̀ ná. Látìgbà tí mo ti yọ agbọ̀n ẹ̀yìn tèmi tí mo fi pẹrẹsẹ rọ́pò rẹ̀, tí mo sì ti bá àwọn ojúlùmọ̀ ṣe tiwọn, mo ti rí i pé òkè kì í fi bẹ́ẹ̀ fa wàhálà. Ibi tí òkè ti bá ṣáásì, ìyẹn irin gígùn méjì tó gbé gbogbo ọkọ̀ ró lábẹ́, pàdé ni ọ̀rọ̀ wà.

Àmọ́ kí ẹ tó ra irin kankan, ẹ ṣílẹ̀kùn awakọ̀, kí ẹ wo òpó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìwé pélébé kan sábà máa ń wà níbẹ̀ tó sọ ìwọ̀n tí ọkọ̀, epo, èèyàn àti ẹrù lápapọ̀ kò gbọdọ̀ kọjá. Gbogbo kílò tí ẹ bá fi kún ẹ̀yìn tuntun, inú ẹrù tí ẹ fẹ́ gbé lẹ ti ń yọ ọ́. Ẹ wo páànù irin tó nípọn mìlímítà 3, tó fẹ̀ ní mítà 2, tó gùn ní mítà 2.4: ó tó kílò 113, a ò tíì ka àwọn irin ìdábùú abẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ní ẹ fẹ́ mìlímítà 5 kó lè "lágbára", ó ti di nǹkan bíi kílò 188 nìyẹn. Alumíníọ̀mù fúyẹ́, ìwọ̀n rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ti irin lọ, ṣùgbọ́n ó wọ́n, kì í sì í ṣe gbogbo wẹ́dà ló mọ̀ ọ́n jó. Tèmi o, férémù irin tí a tẹ́ pákó líle lé ni mo fẹ́ràn jù. Pákó tó bá bàjẹ́, ẹ̀ ń yọ ọ̀kan ṣoṣo yẹn ni.

Yíyọ agbọ̀n àtijọ́ kò le. Nọ́ọ̀tì 6 tàbí 8 ló sábà máa ń dè é mọ́ ṣáásì. Ẹ fún un ní epo tó ń tú ìpẹtà lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹ tú waya iná ẹ̀yìn níbi orí tí wọ́n ti so ó pọ̀, ẹ má gé e, torí orí yẹn lẹ máa fi so iná tuntun. Ẹ tú ẹnu ọ̀nà epo, ibi tí à ń rọ epo sí, náà. Èèyàn mẹ́rin tó lágbára á gbé e kúrò. Ẹ má sọ ọ́ nù. Èyí tí kò bá tẹ̀ máa ń rí ẹni rà á.

Ó wá ku ṣáásì lásán. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, irin gígùn méjèèjì yìí kì í lọ tààrà: bó bá dé òkè ọ̀pá táyà ẹ̀yìn, á ga sókè, á tún rọ̀ wálẹ̀. Bí ẹ bá gbé pẹrẹsẹ lé e bẹ́ẹ̀, orí gegele yẹn ni yóò jókòó sí, á máa mì síwá sẹ́yìn bíi jangirọ́fà, ibẹ̀ náà ni ṣáásì yóò sì ti sán lọ́jọ́ kan. Ohun tí à ń ṣe ni pé a ó na irin méjì gbọọrọ sábẹ́ pẹrẹsẹ, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí apá ṣáásì kan, a ó fi irin dí àlàfo ibi tó bá ti rọ̀, kí ẹrù lè pín kárí. Ẹ fi rọ́bà líle tàbí pákó tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín kí irin má baà máa ha irin. Bí pákó lẹ bá lò, ẹ gbẹ́ ihò síbi tí orí rífẹ́ẹ̀tì (ìṣó irin tí wọ́n fi kan ṣáásì pọ̀) ti yọ sókè, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, pákó á jókòó sórí wọn, á sì là.

Wẹ́dà á fẹ́ jó o mọ́ ṣáásì kíá, kó gba owó rẹ̀. Ẹ má gbà. Etí òkè àti etí ìsàlẹ̀ ṣáásì ló ń gba gbogbo wàhálà ẹrù sára. A kì í lu wọ́n, a kì í gé wọn, a kì í jó nǹkan mọ́ wọn. Ihò tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ti lù sílẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lò. Tó bá di dandan kí ẹ lu òmíràn, ojú ẹ̀gbẹ́ tó dúró gbọnrangandan ni. Àwọn kan máa ń fi irin títẹ̀ bíi lẹ́tà U gbá a mọ́ra. Ó dáa, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fún un tán láìfi irin kékeré há inú ṣáásì, á tẹ̀ ẹ́ wọnú. Ẹlòmíràn á fi pákó há a nítòsí sàlẹ́ńsà. Pákó á gbẹ, á sún kì, nọ́ọ̀tì á tú, tí kò bá tilẹ̀ jóná. Iṣẹ́ jíjó yòówù tí ẹ bá sì ṣe lára ọkọ̀, ẹ tú bátìrì ná, nítorí kọ̀ǹpútà inú rẹ̀.

Ọkọ̀ máa ń lọ́ra tí táyà kan bá wọ kòtò, pẹrẹsẹ kì í lọ́ra bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ẹ̀yìn ni kí ẹ dè pinpin. Ní iwájú, ẹ fi sípíríǹgì sábẹ́ nọ́ọ̀tì kó lè gbéra díẹ̀. Ẹ fi àlàfo bí íǹṣì 1 sí 2 sílẹ̀ láàárín pẹrẹsẹ àti ilé awakọ̀, torí orí rọ́bà ni ilé awakọ̀ jókòó sí, kò dúró sójú kan. Irin tó ń dáàbò bo gíláàsì ẹ̀yìn, ara pẹrẹsẹ ni ẹ dè é mọ́.

Ẹnu ọ̀nà epo ni àwọn èèyàn máa ń fojú kéré. Wọ́n gbé ọkọ̀ kan wá bá mi tí kì í gba epo: ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ epo, ẹnu ẹ̀rọ á ta "tá!", á dúró. Ẹni tó ṣe é ló na ọ̀nà epo náà pẹrẹsẹ lábẹ́ irin, ó sì ká rọ́bà kékeré tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde kọ́. Ọ̀nà epo gbọ́dọ̀ máa dà gẹ̀rẹ́ láti ẹnu dé táńkì, kí rọ́bà afẹ́fẹ́ sì wà ní títọ́. Bí ẹnu rẹ̀ bá jẹ́ irin, ẹ fi waya so ó mọ́ ṣáásì.

Ti iná kò gùn: iná búréèkì, iná tó ń fi hàn pé ẹ fẹ́ yà, iná ẹ̀yìn, iná funfun lórí nọ́ńbà, àti àwọn ohun tó ń tan ìmọ́lẹ̀ padà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ sọ fún àwọn tó ṣe ìbánigbófò ọkọ̀ náà pé ó ti yí padà.

Lẹ́yìn ẹrù àkọ́kọ́, ẹ tún gbogbo nọ́ọ̀tì fún. Ẹ wo òkè táyà bóyá ó ń ha irin nígbà tí ẹrù bá tẹ sípíríǹgì wálẹ̀. Ẹ sì rántí táyà àfirọ́pò tó so kọ́ lábẹ́: nínú ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù, ihò kan lára bọ́ńpà ẹ̀yìn ni ọ̀pá tí a fi ń yí i wálẹ̀ ń gbà wọlé. Bí ẹ bá fi irin tuntun dí ihò yẹn, táyà wà níbẹ̀, ẹ ò ní lè yọ ọ́. Ẹ ki ọ̀pá náà bọ̀ ọ́, ẹ yí i wálẹ̀, ẹ tún yí i lọ sókè, kí ẹ tó kun ọkọ̀ lọ́dà.