Ọmọ gbígbà ní Houston, ọmọ gbígbà ní Èkó

Kí ẹnikẹ́ni tó bi wá pé irú ọmọ wo la fẹ́ gbà láti Nàìjíríà, ilé wa ni wọ́n kọ́kọ́ wá yẹ̀ wò. Obìnrin òṣìṣẹ́ wẹ́fíà tí wọ́n rán sí wa ní Houston ṣí ibi tí a ń kó oògùn sí, ó tẹ aago èéfín tó wà lára àjà kó lè gbọ́ bóyá ó ń dún, ó fọwọ́ kan omi gbígbóná, ó sì bi ọkọ mi bóyá ìbọn wà nílé. Texas ni ibí, kò sí ẹni tí wọn kì í bi ní ìbéèrè yẹn. Ó wo ibi tí ọmọ máa sùn. Lẹ́yìn náà ló jókòó, ó ní kí kálukú wa sọ bí wọ́n ṣe tọ́ ọ dàgbà. Ọkọ mi wo ojú mi. Tíṣà ni bàbá rẹ̀ ní Ìlá Ọ̀ràngún, pàṣán kò sì ṣeé yọ kúrò nínú ìtàn náà. Ó sọ ọ́ bó ṣe rí, ó wá fọwọ́ sí ìwé pé òun ò ní na ọmọ tiwa. Nígbà tí bàbá gbọ́ lórí fóònù, ẹ̀rín ló fi ṣe: "Ẹ ó wá máa bẹ̀ ẹ́ ni?"

Nàìjíríà kò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tó wọ àdéhùn Hague ti 1993 lórí gbígba ọmọ láti ilẹ̀ kan sí òmíràn, nítorí náà ọ̀nà ti ọmọ aláìlóbìí nínú òfin ìwọ̀lú Amẹ́ríkà la gbà: fọ́ọ̀mù I-600A kí a tó mọ ọmọ, I-600 nígbà tí a ti rí i. Ọmọ kò gbọ́dọ̀ tíì pé ọdún 16 nígbà tí ẹ bá fi ìwé sílẹ̀, ọ̀kan nínú tọkọtaya sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà. Ẹni tó ní gíríìnkáàdì nìkan kò lè gba ibẹ̀, mo sì mọ àwọn ará wa tó jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n náwó tán ni wọ́n tó mọ̀. Àwọn tó wà ní Bìrìtéènì tiẹ̀ ti kan ògiri. Láti oṣù kẹta 2021 ni ìjọba ibẹ̀ ti dá gbígba ọmọ láti Nàìjíríà dúró, wọ́n ní ẹ̀rù ń ba àwọn pé ọmọ tí wọ́n tà lè wà láàárín wọn. Inú ń bí ọ̀rẹ́ mi kan ní Peckham títí di òní. Mi ò lè bá a bínú débẹ̀, torí àwọn ilé tí wọ́n ti ń bímọ tà kì í ṣe àlọ́.

Èkó náà ní ìwé tirẹ̀ o. Ẹni tó bá rò pé èèyàn kàn ń wọ ilé ọmọ aláìlóbìí kó sì gbé ọmọ jáde, kò tíì dé Àlàúsá, níbi tí àwọn ọ́fíìsì ìjọba Èkó wà. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ti 2007, fẹ́ kí ọmọ ti wà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gbà á fún oṣù mẹ́ta, ó kéré tán, kí kóòtù tó pàṣẹ. Mo gba ọ̀sẹ̀ 12 tí òfin Amẹ́ríkà fún òṣìṣẹ́ tó bá gba ọmọ, ìsinmi tí kò ní kọ́bọ̀ nínú, mo sì lọ gba yàrá méjì ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ọmọkùnrin ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi lé mi lọ́wọ́.

Ní Ẹ̀gbẹ́dá, èmi nìkan kọ́ ló ni ọmọ. Kí n tó jí, ó ti wà lọ́dọ̀ ìyá alákàrà, ó ti jẹun, wọ́n sì ti bá a wí. Ẹni tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀ á fà á létí pé kó kí àgbà. Bí a bá wọ kórópe, orí itan mi ni ìjókòó rẹ̀. Ní Houston, ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ gbọ́dọ̀ wà nínú àga ọmọdé tí wọ́n so mọ́ inú mọ́tò, àfi tó bá ti ga ju ínǹṣì 57 lọ. A ti so tiwa. Èmi àti aládùúgbò wa tó wà ní apá òsì kò tíì kọjá "Hi" láti ìgbà tí a ti kó dé, ẹni tó bá sì fa etí ọmọ ọlọ́mọ ńbí, ọlọ́pàá ni yóò ṣàlàyé fún. Igba ojú tí wọ́n ní ó ń tọ́ ọmọ, kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà ni ní àdúgbò wa.

Àmọ́ ojú tó ṣí ní Ẹ̀gbẹ́dá yẹn, ẹnu rẹ̀ padé sí ohun kan. Gbogbo ẹni tó fẹ́ràn mi ló pè mí sí kọ̀rọ̀: má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ kó kúrò ládùúgbò, ẹ padà wá pẹ̀lú ọmọ. Mo mọ obìnrin tó di aṣọ mọ́ ikùn fún ọ̀pọ̀ oṣù kí ìyá ọkọ rẹ̀ má bàa fura. Àwọn mìíràn ní ẹ̀yìn náà ni tèmi máa dé, ṣebí orí ọmọ ló ń pe ọmọ wáyé. Àdúrà ni wọ́n fi pè é, ṣùgbọ́n mi ò ṣe àmín. Ọmọ tí mo gbà kì í ṣe ọ̀nà sí ọmọ mìíràn.

Ní Houston, òdìkejì rẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ wa. Wọ́n ní kí a máa sọ ọ́ fún un láti ìsinsìnyí, kí a ṣe ìwé fọ́tò fún un: ilé tó gbé, àwọn obìnrin tó wẹ̀ ẹ́, ẹnu ọ̀nà kóòtù. Àwọn ará wa ní ìwà òyìnbó nìyẹn. Èmi ò gbà. Ilé ìyá ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó, kò sí ìgbà tí kì í sí ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀ níbẹ̀. Gbogbo wa la mọ ẹni tó bí wọn. Bí ọdún bá dé, wọ́n á lọ kí àwọn èèyàn wọn, wọ́n á sì padà wá jẹun nínú àwo tí gbogbo wa ń jẹ. Kò sẹ́ni tó ń tijú. Ọmọ gbígbà nípasẹ̀ kóòtù ni kò tíì pẹ́ láàárín wa: 1965 ni òfin rẹ̀ dé Ìlà-Oòrùn Nàìjíríà, 1968 ní Èkó. Ó gé ọmọ kúrò lára àwọn tó bí i, ó sì wá bọ́ sọ́wọ́ àwa tí wọ́n ń fi àìbí bú. Ìtìjú yẹn ló bí àṣírí. Tó bá jẹ́ pé ìyá àgbà wà láàyè, ọ̀rọ̀ òun àti obìnrin wẹ́fíà yẹn ì bá yéra ju tèmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi ní Èkó lọ.

Kóòtù ti pàṣẹ, fíìsà ló kù. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ni ọmọ náà wà báyìí. Nítorí pé àwa méjèèjì ti fojú kàn án kí kóòtù tó pàṣẹ, fíìsà IR-3, ti ọmọ tí wọ́n ti gbà tán kó tó wọ Amẹ́ríkà, la ń retí, òfin tí Amẹ́ríkà ṣe ní 2000 sì ní bí ó bá fi ìyẹn wọlé, ọmọ Amẹ́ríkà ni lọ́jọ́ tó bá sọ̀ kalẹ̀. Èmi fi ọ̀pọ̀ ọdún wá tèmi. A ti rí dókítà tó mọ àpá abẹ́rẹ́ ikọ́ ife (BCG) tó wà lápá rẹ̀, torí wọn kì í sábà fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ náà níbí. Ògì ti wà nínú fíríìsà. Yàrá rẹ̀ ti ní bẹ́ẹ̀dì, ṣùgbọ́n ọmọ tó ti ń sùn láàárín ọmọ mìíràn láti kékeré, mi ò lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lóru àkọ́kọ́; a ti ra fóòmù tí a máa tẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì tiwa.

Ìyá mi ti ń pè é ní Àjàní. Ó ní pẹ̀lú gbogbo ìwé tí a bá jà yìí, kí lòun tún máa pè é? Ó ní òun náà ń bọ̀ wá wẹ̀ ẹ́, kó tó dàgbà jù. Mo ní Màmá, ọmọ ọdún mẹ́rin lè wẹ̀ fúnra rẹ̀. Màmá ní ṣé ọwọ́ ara mi ni wọ́n fi wẹ̀ mí ni? Màmá ti lọ ya fọ́tò fíìsà.