Nígbà tí owó wọ́n nílé ijó alẹ́

Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí lítà kan sì gbéra láti abẹ́ 200 náírà kọjá 500, ni àwọn ilé ijó alẹ́ ní Àkúrẹ́ kò ti kún bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ọmọbìnrin kan ládùúgbò wa tó ń bọ́ra jó ṣàlàyé fún mi pé òun kò ní owó oṣù rárá. Owó tí àwọn oníbàárà bá ná lé òun lórí ni òun ń jẹ, onílé ijó yóò sì tún mú tirẹ̀ nínú rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹni tó máa ń ra ọtí mẹ́fà bá fi ìgò kan ṣoṣo jókòó di ìdájí, oníjó ni ìyà náà kọ́kọ́ ń jẹ. Onílé ijó náà ń ráhùn nítorí owó epo jẹnẹrétọ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì ní ọtí tó lè tà. Ó dùn mí pé àwọn ènìyàn ń bú àwọn ọmọ wọ̀nyí láì béèrè ẹni tí wọ́n ń bọ́. Ní báyìí, ọmọbìnrin náà ń ta bọ̀ọ̀lì lọ́sàn-án nítòsí Ọjà Ọba, nítorí pé owó ọ̀kadà tó fi ń lọ jó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ju èyí tó ń mú bọ̀ wálé lọ.