Fèrèsé Mẹ́fà láti Ìkẹ́rẹ́

Sátidé. Aago mẹ́wàá alẹ́ ti kọjá, eruku ìrókò ṣì wà nínú irun mi.

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán láàárọ̀ yìí tí fóònù mi fi dún. Káfíńtà tí a jọ máa ń ṣiṣẹ́ ní Adó níbí ni, ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ni. Ó ní wọ́n ń wó ilé alámọ̀ kan ládùúgbò àwọn, wọ́n fẹ́ fi búlọ́ọ̀kù kọ́ òmíràn síbẹ̀, wọ́n sì ti ń kó fèrèsé onípákó rẹ̀ jọ fún igi ìdáná. Mi ò dúró jẹun. Adó sí Ìkẹ́rẹ́ ò jìnnà rárá, àmọ́ lónìí, ńṣe ló ń ṣe mí bíi pé ọkọ̀ ń rákò. Iná ni mo ń rò.

Nígbà tí mo máa débẹ̀, ògiri ẹ̀gbẹ́ kan ti wó, páànù tó ti dípẹtà wà nílẹ̀ káàkiri. Fèrèsé mẹ́fà, oníléèfù méjì-méjì, ni wọ́n tò jọ lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń dáná fún àwọn lébìrà. Mo tẹ̀ ba, mo fi èékánná họ ibi tí ọ̀dà ti ń ṣí. Ọ̀dà mẹ́ta ló gun orí ara wọn: búlúù lókè, àwọ̀ ewé lábẹ́ rẹ̀, àwọ̀ eérú ló kẹ́yìn. Igi tó wà nísàlẹ̀ gbogbo wọn pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó ti dúdú díẹ̀. Mo gbé ẹyọ kan, ọwọ́ mi wálẹ̀. Férémù tí wọ́n fi gbé wọn sára ògiri, ikán ti jẹ ẹ́ di ìyẹ̀fun, bẹ́ẹ̀ ikán ò fi ẹnu kan fèrèsé fúnra rẹ̀. Ìrókò ni, kò tún sí àríyànjiyàn.

Ìyá onílé jókòó lábẹ́ igi ọsàn, ó ń wo bí ilé rẹ̀ ṣe ń lọ. Mo kí i, mo ní ẹ kú ìdáwọ́lé. Lẹ́yìn náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ta àwọn fèrèsé yìí fún mi."

"Kí lo fẹ́ fi í ṣe, ọmọ mi? Dígí ni gbogbo ayé ń lò báyìí."

"Tábìlì ni mo fẹ́ fi kàn, Màmá. Ó dùn mí pé kí wọ́n dáná sun ún."

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá sọ fún mi pé oko ọkọ òun ni igi náà ti wá, pé owó kòkó ni ọkọ òun fi san án fún àwọn tó là á, nígbà tí àkọ́bí àwọn ṣì ń rá kiri ilẹ̀. Ó ní òun ò gba owó. "Bá mi fi díẹ̀ nínú rẹ̀ kan àpótí tí n óò máa jókòó lé nídìí iná. Tèmi ti sọnù nínú ẹrù kíkó yìí." Ohun tó béèrè nìyẹn. Mo san 7,000 náírà fún ọkọ̀ tó bá mi kó o délé.

Látìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ sísọ àlòkù dọ̀tun yìí, ohun tí àwọn èèyàn máa ń bi mí jù ni ibi tí mo ti ń rí igi. Béèrè ni mo máa ń béèrè. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Bí káfíńtà yẹn ò bá mọ̀ pé mo máa ń béèrè, kò ní pè mí, ìrókò yẹn ni ọbẹ̀ àwọn lébìrà ì bá fi jiná. Mo ti sọ fún oníbúlọ́ọ̀kù, mo ti sọ fún awakọ̀ tó ń kó yanrìn, mo sọ fún obìnrin tó ń ta omi kanga lójú títì wa. Ọ̀rọ̀ kan náà ni mo ń sọ fún gbogbo wọn: bí ẹ bá rí ibi tí wọ́n ti ń kó pákó dànù, ẹ pè mí.

Bíbéèrè yìí náà ló yẹ kó dáàbò bo olóhun. Lọ́dún tó kọjá, mo rí àga onígi kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà ní Baṣírì, ẹsẹ̀ kan ti yẹ̀. Mo gbé e. Lọ́jọ́ kejì ni ọmọkùnrin kan wá bá mi, tìtìjú-tìtìjú, pé àga bàbá àwọn ni, wọ́n fọ̀ ọ́ ni, wọ́n sá a sóòrùn. Bàbá yẹn ò bú mi nígbà tí mo gbé e padà. Ó kàn ń fọwọ́ pa apá àga náà. Ojú tì mí wọlé. Láti ọjọ́ náà, orí ààtàn ni nǹkan ì báà wà, n óò kan ilẹ̀kùn ilé tó sún mọ́ ọn jù kí n tó fọwọ́ kàn án.

Bí ẹ bá ń gbé Èkìtì, tí ẹ sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ lọ máa wo ojú àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí sáà bá parí, ọ̀nà Ìwòròkò kún fún tábìlì ìkàwé, àga oníke, pákó bẹ́ẹ̀dì àti ṣẹ́ẹ̀fù. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé níbi tí FUOYE, yunifásítì ìjọba àpapọ̀, wà. Ẹni tó ń lọ sí Èkó tàbí Ìlọrin lọ́la kò ní fi tábìlì sáàárín ẹsẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Àwọn àgùnbánirọ̀ náà, ọdún kan péré ni wọ́n ń lò, ohun tí wọ́n rà nígbà tí wọ́n dé, wọ́n ní láti gbé e fún ẹnì kan kí wọ́n tó máa lọ. Mo máa ń lọ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n ń dìde gan-an, torí lọ́jọ́ náà gbogbo ènìyàn ló ti débẹ̀. Mi ò sì fẹ́ràn kí wọ́n máa rẹ́ ọmọ tó ń wá owó ọkọ̀ jẹ. Tábìlì tó bá dára, mo máa ń sanwó rẹ̀ bó ṣe yẹ.

Àwọn tó ń ta táìlì máa ń ní pákó tí wọ́n to ẹrù lé lórí nígbà tó ń bọ̀ láti òkè òkun, àwọn mìíràn á fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ wo òǹtẹ̀ tí wọ́n fi iná tẹ̀ sí i lára. Bí ẹ bá rí HT, ooru ni wọ́n fi pa kòkòrò inú rẹ̀, ẹ lè lò ó. Bó bá jẹ́ MB ni, gáàsì olóró ni wọ́n fi ṣe é, ẹ fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Ẹ má sì sọ ọ́ síná.

Ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń rán àga, ẹsẹ̀ máṣíìnì ìránṣọ àtijọ́ lọ́dọ̀ àwọn télọ̀, ìwọ̀nyí náà wà.

Ọ̀rọ̀ kòkòrò ò ṣeé fi ṣeré. Mo ti gbé ṣẹ́ẹ̀fù kan wọlé rí lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan, mi ò yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ kẹta ìdun ti wọ bẹ́ẹ̀dì àwọn ọmọ mi. Oṣù méjì la fi bá wọn jà. Báyìí, ohunkóhun tí mo bá gbé dé, ìta ló ń sùn. Mo máa ń tan tọ́ọ̀ṣì sí gbogbo oríkèé rẹ̀, mo máa ń fi ìka kan igi náà bí ẹni kan ilẹ̀kùn. Bó bá dún kókó, ó dára. Bó bá dún bí igbá òfìfo, ẹnì kan ń gbé inú rẹ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ ń gbé wa kúrò ní Ìkẹ́rẹ́ lọ́sàn-án yìí, ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ Olówè ará Ìsẹ̀, agbẹ́gilére tó kú ní 1938. Òun ló gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, ní ìlú yìí kan náà. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ síbi ìpàtẹ ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù, lọ́dún 1924, àwọn British Museum, ilé ìkó-nǹkan-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí wọn níbẹ̀, rí i, wọ́n fẹ́ ẹ, wọ́n sì fi ìtẹ́ ọba tí wọ́n ṣe ní ìlú òyìnbó pààrọ̀ rẹ̀. Títí di òní, Lọ́ńdọ̀nù ni ilẹ̀kùn wà. Mi ò fi fèrèsé Màmá wé iṣẹ́ ọwọ́ Olówè. Ó kàn ń ká mi lára ni, pé ilẹ̀ kan náà ló hu igi wọn, pé àwọn àlejò rí èyí tí wọ́n gbé lọ, àwa sì ń fi èyí tó ṣẹ́ kù dáná ẹ̀wà.

Láti aago mẹ́rin ni mo ti wà nídìí iṣẹ́. Mo kọ́kọ́ lé àwọn ọmọ wọlé, torí ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé nínú, òjé sì burú fún ọpọlọ ọmọdé. Mi ò fi sánpépà gbígbẹ ha á. Omi ni mo fi rin ín, mo wá fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ ha á díẹ̀díẹ̀, mo gbá gbogbo èépá rẹ̀ sínú ọ̀rá, mo dì í. Ìṣó inú rẹ̀ lé ní ogójì. Mo fi ẹ̀mú fà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mi ò fi agbára ṣe é kí pákó má baà là. Lẹ́yìn náà ni mo bo imú kí n tó gbé ayùn, nítorí eruku ìrókò máa ń há mi láyà.

Lórí léèfù kẹta, ayùn mi dún kẹ̀ẹ́, ó dúró. Mo rò pé ìṣó kan ṣẹ́ kù ni. Mo gbẹ́ ibẹ̀ wò: òkúta ni, funfun, ó tóbi tó èékánná àtàǹpàkò, ó ti dì mọ́ àárín igi. Ìrókò máa ń ní i, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀gá mi tipẹ́, ṣùgbọ́n òní ni mo kọ́kọ́ fọwọ́ mi yọ ọ́. Eyín ayùn mẹ́ta ti kú. Òkúta náà wà lórí tábìlì tí mo ti ń kọ̀wé yìí.

Tábìlì yóò dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Àpótí Màmá ni mo kọ́kọ́ gé. Ihò tí wọ́n máa ń ki ìkọ́ irin bọ̀ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ti fèrèsé wà láàárín pákó tí mo mú fún orí rẹ̀. Mo fẹ́ fi pákó mìíràn dí i, mo tún rò ó. Mo fẹ̀ ẹ́ díẹ̀, mo sì dán etí rẹ̀ kí ìka rẹ̀ méjì lè wọ̀ ọ́ nígbà tó bá fẹ́ gbé e sún mọ́ iná. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kù. Lọ́jọ́ Ajé, n óò gbé e lọ fún un.