Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́: tí ẹ bá ti bi kíláàsì ní ìbéèrè, ẹ dákẹ́

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ mọ fọ́ọ̀mù tí mò ń wí. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́ ni wọ́n máa ń pín in, pé kí olúkúlùkù kọ ohun tó fẹ́ fi tẹ̀ síwájú lẹ́nu iṣẹ́. Gbogbo wa la sì mọ ohun tí wọ́n fẹ́ kà níbẹ̀: n ó lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́, n ó gba ìwé-ẹ̀rí sí i, n ó kọ́ kọ̀ǹpútà. Ẹyọ kan ṣoṣo ni èmi kọ: "Tí mo bá bi àwọn ọmọ ní ìbéèrè, n ó dákẹ́, n ó ka ení dé àrún nínú mi kí n tó tún lanu."

Ìpàdé olùkọ́ ni wọ́n ti kà á sókè. Ilé-ìwé ìjọba ni mo wà, níbí l'Ábẹ́òkúta. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ọ̀gá wa gbé awò sójú, ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà, ó ní, "Ẹ gbọ́ o! Ìyá Tọ́lá fẹ́ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́." Ẹ̀rín bú. Ẹni tó jókòó tì mí, tá a jọ máa ń wọkọ̀ ní Pánṣẹ́kẹ́, ló rẹ́rìn-ín jù. Ọ̀gá ní ṣé torí kí n dákẹ́ ni ìjọba ṣe ń sanwó fún mi. Ó fi bírò pupa fa ìlà gba orí ohun tí mo kọ, ó na bébà náà sí mi, ó ní kí n lọ kọ gidi wá. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe gbà á. N kò gbójú sókè títí ìpàdé fi parí, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀ nígbà tí a ń jáde. Bí mo ṣe ń kọ èyí, ó ṣì ń dùn mí.

Mo kọ òmíràn fún wọn, mo sì ń ṣe tèmi lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe àbá lásán. Mary Budd Rowe, onímọ̀ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ní Amẹ́ríkà, ṣe ìwádìí lórí rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1974. Ó rí i pé olùkọ́ kì í sábà dúró ju bí ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ lẹ́yìn ìbéèrè. Nígbà tí wọ́n dúró tó ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdáhùn àwọn ọmọ gùn sí i, àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

Kí n sọ ti JSS 2 tèmi. Mo gbé omi inú ọ̀rá méjì ka orí tábìlì, ọ̀kan tutù nini, èkejì kò tutù. Omi ń sẹ̀ lára èyí tó tutù. Mo ní níbo ni omi yẹn ti wá. Kẹ́kẹ́ pa. Mo ń kà á nínú: ení, èjì, ẹ̀ta. Ọmọbìnrin kan lẹ́yìn, tí ìyá rẹ̀ ń ta omi ní Kútọ̀, nawọ́. Ó ní, "Mà, ṣé mo lè sọ ọ́ ní Yorùbá?" Mo ní kó sọ ọ́. Ó ní, "Kò jò, mà. Tó bá jẹ́ pé ó ń jò ni, èyí tí ò tutù náà ì bá máa làágùn. Ara afẹ́fẹ́ ló ti wá." N kò gbọ́ ohùn ọmọ yẹn rí nínú kíláàsì mi. (Ẹni tó bá fẹ́ bínú pé mo gbà á láyè láti sọ Yorùbá, kó rántí pé Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, onímọ̀ nípa ètò ẹ̀kọ́, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ láti 1970.)

Láti ìgbà náà, nǹkan ti yí padà nínú kíláàsì yẹn. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé kí àfojúsùn yín jẹ́ ohun tí ẹ lè fojú rí lọ́wọ́ àwọn ọmọ. N kò kórìíra ìwé-ẹ̀rí o. Mo forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ TRCN, àjọ tó ń forúkọ àwọn olùkọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, mo sì ń lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n ìwé-ẹ̀rí kò lè sọ fún mi ẹni tí kò sọ̀rọ̀ lónìí. Ìwé pélébé kan ló ń sọ ọ́: tí a bá ti jáde, mo máa ń kọ orúkọ àwọn tó dáhùn síbẹ̀. Tó bá jẹ́ orúkọ kan náà ló ń padà wá, mo ti mọ̀ pé n kò dákẹ́ tó.

Ẹ dákẹ́, ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n á ní síláàbọ́ọ̀sì ò ní parí. Ìbéèrè mẹ́wàá láàárín ogójì ìṣẹ́jú, kí ẹ ka àrún lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú kan. Ẹ má sì pe orúkọ ọmọ kankan kí ẹ tó kà á tán, torí tí ẹ bá ti pe orúkọ ẹnì kan, àwọn tó kù ò ní ronú mọ́.